Ọdún Tí Mo Yan Ohun Gbogbo

Títí mo fi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, n kò yan nǹkan kan rí láyé mi. Ní agboolé wa ní ìlú Ìṣẹ́, yíyàn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń yan ẹran tí yóò bọ́ sínú àwo kálukú. Màmá ló ń yan aṣọ. Aránṣọ ni, èyí tó bá ṣẹ́ kù lára aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ ló máa ń di búláòsì fún mi, kódà bí apá ọ̀tún kò bá bá apá òsì mu. Bàbá ló ń yan ẹni tí yóò bá òun lọ sí oko kòkó ní Sátidé, àti ẹni tí yóò dúró sílé máa fi ẹsẹ̀ yí kòkó tí a sá síwájú ilé. Bí mo bá ní ẹsẹ̀ adìẹ ni mo fẹ́, Ìyá Àgbà á wò mí láti òkè délẹ̀, á fi oríkì mi pè mí, á ní, “Àbẹ̀kẹ́, ẹnu tó ń yan ẹran yìí, ṣé òun ló pa adìẹ?” Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Inú kì í bí mi. Mo rò pé bí òjò ṣe ń rọ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni náà ni ẹran ṣe ń bọ́ sínú àwo ẹni. Ìró tó ń jí mi láràárọ̀ ni ti ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá ní yàrá iwájú, kẹkẹkẹkẹ, tí yóò dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń mí, tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìró Ìyá Àgbà tó ń pa ẹkùrọ́ lórí òkúta lẹ́yìnkùlé, pó, pó, tí yóò máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ti kú bí ẹni pé ọjà ni wọ́n lọ. Lónìí tí mo ti dàgbà, tí mo lè dúró pẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù nítorí pé n kò mọ ọṣẹ tí mo máa mú, mo máa ń rántí ọmọ yẹn tí kò ní ohun kan láti yàn, mo sì máa ń bi ara mi pé ta ló sinmi jù nínú àwa méjèèjì.

Nígbà tí ìwé dé pé mo ti wọlé sí ilé ìwé kan ní Ìkẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń gbé inú ọgbà, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yàn fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnìkan ti sọ fún Bàbá pé lẹ́yìn Ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá àti àwọn ìyókù tó jẹ́ dandan, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa yan kíláàsì kan fúnra rẹ̀, á sì yan eré ìdárayá kan. “Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ni,” ni Bàbá wí, ó ń ha ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà oko rẹ̀. “Kí wọ́n kọ́ ọ ní ìdí tí kòkó fi ń dúdú lórí igi, kó wá sọ fún mi.” Màmá kò gbé ojú kúrò lára aṣọ tó ń rán. “Hóòmù-Ẹ́ẹ̀kì ni,” ló sọ, bí ẹni pé wọ́n ti ṣe ìpàdé lórí rẹ̀ tí wọ́n sì ti túká. Kíláàsì oúnjẹ sísè àti aṣọ rírán nìyẹn. “Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ abẹ́rẹ́. Bó bá parí, ẹ̀rọ yìí di tirẹ̀.” Ní ti eré ìdárayá, Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ta ló ń sanwó ilé ìwé nítorí eré sísá? Ẹni tó bá fẹ́ sáré, ọ̀nà oko wà níbẹ̀.” Ìyá Àgbà tí kò ka ìwé rí béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ulé ùwé yẹn, ṣé wọ́n ń jẹ uṣu níbẹ̀?” Nígbà tí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò dá sí ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Ìkẹ́rẹ́ tóbi lójú mi bí ẹni pé ìlú mẹ́ta ni wọ́n rán pọ̀. Àwọn òkè olókùúta ńláńlá tò yí i ká bí àgbàlagbà tó jókòó síbi ìpàdé, ilé ìwé wa sì wà lábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, débi pé bí agogo bá lù, òkè á tún un lù padà. Agogo ọ̀hún kì í ṣe agogo gidi o. Irin àárín táyà lọ́rì ni, tí wọ́n fi ṣéènì so kọ́ igi máńgòrò. Ó ń lù fún jíjí, ó ń lù fún àdúrà, fún omi pípọn, fún ọgbà gbígbá, fún oúnjẹ, fún oorun ọ̀sán tí kò sí ẹni tó ń sùn ún. Mátírọ̀nì wa, obìnrin kúkúrú kan tí ìró bàtà rẹ̀ máa ń dé ṣáájú rẹ̀, a máa sọ pé, “Agogo kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Kò ní bẹ̀ yín.” Àwa ọgbọ̀n ọmọbìnrin la wà nínú yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní: ìró korobá tó ń kan ara wọn láàárọ̀, òórùn ẹ̀wà ọjọ́ Tọ́sìdeè tó máa ń gba ojú fèrèsé wọlé kí agogo tó lù, ẹnìkan tó máa ń kọrin nínú oorun. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì òkè mi ni Ṣadé. Ọmọ Emure ni, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ kó gbogbo ilé padà wá nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ tí iṣẹ́ ìjọba tuntun ń wá ènìyàn. Ó mọ orúkọ ohun gbogbo lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò sì mọ bí a ṣe ń ru omi. Lọ́jọ́ kan mo ní kó bá mi mú ugbá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá a títí, ó wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tán pátápátá, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù síta. “Kò sí ugbá níbí o, igbá kan ṣoṣo ló wà!” Mo rẹ́rìn-ín débi pé Mátírọ̀nì wọlé. Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ká òṣùká, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àyè lọ́wọ́ tíṣà láìgbọ̀n.

Ní Fúráìdè ọ̀sẹ̀ kìíní ni wọ́n pín ìwé yíyàn. Mo ṣì ń rí i lójú mi. Wọ́n ti fi bírò fa ìlà pa “Ondo” lókè rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kọ “Èkìtì” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí ìwé àtijọ́ kò tíì tán. Kíláàsì mẹ́fà wà lápá òsì: Iṣẹ́ Ọ̀gbìn, Hóòmù-Ẹ́ẹ̀kì, Íńtírò-Tẹ́ẹ̀kì tó jẹ́ iṣẹ́ igi àti irin, Faransé, Orin, àti Àwòrán Yíyà. Eré mẹ́fà wà lápá ọ̀tún: eré sísá, eré ọ̀nà jíjìn, fífò sókè, irin jíjù, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, àti tẹníìsì orí tábìlì. Ààyè kékeré onígun mẹ́rin wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kí a yan ẹyọ kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Mo rí i. N kò ní purọ́ pé n kò rí i. Mo kọ́kọ́ fi àmì sí Iṣẹ́ Ọ̀gbìn nítorí Bàbá. Mo fi sí Hóòmù-Ẹ́ẹ̀kì nítorí Màmá. Mo wá rò ó pé ó ku tèmi. Àwọn tó kù ń wò mí bí ẹran inú ìkòkò, kò sì sí Ìyá Àgbà nítòsí tó máa gbá mi lọ́wọ́. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì bí ẹni tó fẹ́ jalè. Mo fi àmì sí Íńtírò-Tẹ́ẹ̀kì, mo fi sí Faransé, mo fi sí Orin àti Àwòrán Yíyà, nígbà tí mo sì fi dé apá ọ̀tún, n kò ka orúkọ mọ́, àmì ni mo ń fi sọ̀kalẹ̀ ṣáá. Ṣadé yọjú wò ó láti ẹ̀gbẹ́. “Tóyìn! Ẹyọ kan ni wọ́n ní!” “Ẹyọ kan náà ni mo yàn,” ni mo dá a lóhùn. “Ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan níbí, ẹyọ kan níbí.” Mo ká ìwé mi, mo lọ fi sílẹ̀ kí ọgbọ́n tó bá mi.

Ní Mọ́ńdè, wọ́n lẹ orúkọ mọ́ pátákó ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì. Orúkọ mi wà lórí gbogbo ìwé. Àwọn ọmọ ń ka ìwé eléré, wọ́n ń rí mi; wọ́n ń ka ti Faransé, wọ́n ń rí mi; ọ̀kan nínú àwọn àgbà ọmọ ilé ìwé béèrè bóyá Tóyìn méjìlá ló wọlé lọ́dún yìí. Kí ilẹ̀ tó gbóná, wọ́n ní Vàìsì ń pè mí. Igbákejì Pírínsípà ni à ń pè bẹ́ẹ̀, obìnrin gíga kan tó máa ń wọ gíláàsì sí ìsàlẹ̀ imú, tí ẹnikẹ́ni kò rí ẹ̀rín rẹ̀ rí. Ìwé mi ló wà níwájú rẹ̀.

“Ọmọ ibo ni ọ́?”

“Ìṣẹ́, mà.”

“Wọn kì í kọ́ èèyàn ní ìwé kíkà ní Ìṣẹ́?”

“Wọ́n ń kọ́ wa, mà.”

“Kà á fún mi. Kí ni wọ́n kọ síbí?”

“Ẹ yan ẹyọ kan, mà.”

“Mélòó ni ìwọ yàn?”

Mo wo ilẹ̀. “Méjìlá, mà.”

“Àwọn àgbà ní ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo,” ni Vàìsì wí. “Ìwọ lé méjìlá!”

Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo tilẹ̀ ti tẹ orúnkún kan. Ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, “Ẹ má bínú, mà. Mi ò tíì rí ọ̀kankan rí nínú àwọn eku náà. Mi ò mọ èyí tó sanra.”

Ṣe ni èjìká Vàìsì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó yọ gíláàsì, ó fi etí gèlè nu ojú, ó rẹ́rìn-ín débi pé akọ̀wé yọjú láti yàrá kejì láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. “Ó dáa,” ló wí nígbà tó rí èémí mí. “Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fún ọ. Lọ tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. Ní Sọ́ńdè ìbẹ̀wò, nígbà tí àwọn òbí bá dé, ẹyọ kan ni mo fẹ́ rí lápá kọ̀ọ̀kan, kí bàbá tàbí ìyá rẹ sì fọwọ́ sí i.” Mo jáde kúrò níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé oúnjẹ.

Ẹ gbà mí gbọ́, láti ọjọ́ náà títí di òní, n kò tíì gbádùn ọ̀sẹ̀ méjì kan tó bẹ́ẹ̀. Sáré ni mo ń sá láti ibi kan dé ibòmíràn, ìwé lábẹ́ apá, ẹsẹ̀ nínú eruku. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń darí eré ìdárayá, Ọ̀gá Fèrè la ń pè é nítorí fèrè tí kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, bó bá ń sọ̀rọ̀ pàápàá, fèrè á máa dá sí i. Lọ́jọ́ eré sísá, ó ní bí òun bá fọn fèrè kí a sáré lọ tààrà. Mo dijú kí n lè sáré dáadáa. Nígbà tí mo la ojú, mo ti wà láàárín àwọn ìyá tó ń se oúnjẹ wa, ọ̀kan nínú wọn sì ti gbé omi ọbẹ̀ gbígbóná kúrò lọ́nà mi. Lọ́jọ́ fífò sókè, wọ́n fi ọparun dábùú igi méjì. Mo sáré dé ibẹ̀, ẹ̀rù bà mí, mo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sì tún dúró ní òdìkejì pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Irin jíjù ló burú jù. Irin yẹn wúwo bí ọmọ ọlọ́dún kan. Mo yí, mo gbin, mo jù ú, ó sì balẹ̀ pọ̀ọ̀ síwájú mi níbẹ̀. Ọ̀gá Fèrè mú okùn ìwọ̀n, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó dìde. “Ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀,” ló wí. “Díẹ̀ ló kù kó jẹ́ ẹsẹ̀ tìrẹ gan-an.” Ní tẹníìsì orí tábìlì, tábìlì kan ṣoṣo ló wà, bíríkì la fi ṣe àwọ̀n àárín rẹ̀, Ṣadé sì dúró síbẹ̀ bí ọba. Ó nà mí mọ́kànlélógún sí òdo, ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ó tún nà mí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nínú kíláàsì, ọ̀tọ̀ ni ti ibẹ̀. Tíṣà Faransé ní kí a máa gba imú sọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo wọn lọ, nítorí pé ọ̀fìnkìn ń dà mí láàmú. Nígbà tí ara mi yá, Faransé mi náà lọ. Nínú kíláàsì Orin, mo kọrin títí tíṣà fi ní kí n máa la ẹnu lásán. Ní Iṣẹ́ Ọ̀gbìn, wọ́n kó wa lọ kọ ebè, mo sì kọ ọ́ yára débi pé tíṣà ní kí n jókòó kí àwọn tó kù lè bá mi. Ní Hóòmù-Ẹ́ẹ̀kì, wọ́n ní kí a ká etí aṣọ kan ká rán an. Tíṣà gbé tèmi sókè fún gbogbo kíláàsì. “Ta ló kọ́ ọ?” “Màmá mi, mà.” “Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi kún un,” ló wí. Inú mi dùn gan-an, mo sì rò ó pé ọ̀rọ̀ ti parí, pé eku tó sanra nìyí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni Íńtírò-Tẹ́ẹ̀kì.

Ilé gígùn kan ni, òrùlé páànù, lẹ́yìn ilé ìjẹun. Kí n tó wọlé ni òórùn rẹ̀ ti pàdé mi: igi tútù, òróró ẹ̀rọ, eruku. Olùkọ́ ibẹ̀ jẹ́ àgbàlagbà tí ìka rẹ̀ kan kò gùn tó àwọn tó kù, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó de pákó kan mọ́ tábìlì, ó gbé irin ìfági lé e, ó tì í lọ lẹ́ẹ̀kan, ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀. Awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ká jáde lára pákó náà bí irun ọmọ tuntun, ó já bọ́ sílẹ̀, ibi tó ti jáde sì ń dán bí omi. Ó wò mí. “Ó yá, ìwọ.” Mo tì í, kò lọ. Mo tún tì í, ó fò, ó ha ara pákó náà. “Má bá a jà,” ló wí. “Bá a lọ.” Nígbà kẹta ó lọ, ìwọ̀n bí àtẹ́lẹwọ́ kan péré, awẹ́ kékeré kan sì ká jáde. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo. Mo fi awẹ́ náà sínú ìwé Ìṣirò mi, mo ń ṣí i wò láàárín ẹ̀kọ́. Àwòrán ilé ni mo ń yà báyìí, tí àwọn bíríkìlà àti káfíńtà fi ń kọ́ ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni mo ṣe bọ́ sídìí iṣẹ́ náà, mo máa ń sọ nípa yunifásítì, nítorí ìdáhùn tó yẹ ọmọlúàbí nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìró ṣẹ̀ẹ̀ẹ̀ yẹn ló gbé mi lọ. Ohun tí mo ti mọ̀ ń dùn mọ́ mi. Èyí tí n kò mọ̀ ń pa mí bí ọtí.

Sọ́ńdè ìbẹ̀wò dé. Bàbá, Màmá àti Ìyá Àgbà bá ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù aládùúgbò wa wá, wọ́n gbé kúlà iyán sáàárín itan, a sì jókòó sábẹ́ igi kan. Mo jẹun títí n kò lè tẹ̀. Mo ti kan àpótí ìjókòó kékeré kan láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, mo sì gbé e jáde pẹ̀lú ayọ̀. Bàbá yẹ̀ ẹ́ wò lókè nísàlẹ̀. “Ìwọ lo kàn án?” “Èmi ni, Bàbá.” Ó jókòó lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin là síta bí ti ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, Bàbá sì wà nílẹ̀, fìlà rẹ̀ ti bọ́ sínú àwo ọbẹ̀. Àwọn ìdílé tó wà lábẹ́ igi míì dìde láti wò wá. Bàbá gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, láti ilẹ̀ níbi tó wà. Mo rí i pé àsìkò nìyẹn, mo na ìwé náà sí i. “Íńtírò-Tẹ́ẹ̀kì ni mo yàn, Bàbá. Ẹ fọwọ́ sí i.”

“Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ńkọ́?” ni Bàbá béèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá Àgbà ló dáhùn. “Fọwọ́ sí i fún un, jàre. Ẹni tí àpótí rẹ̀ rí báyìí, uṣẹ́ tó máa kọ́ níbẹ̀ ṣì pọ̀.”

Gbogbo wọn tún rẹ́rìn-ín. Màmá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ parí kí ti àwọn tó kù tó parí. Ó ń fi ọwọ́ gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò Bàbá. “Hóòmù-Ẹ́ẹ̀kì ńkọ́?” ló béèrè láìwò mí.

“Mo ti mọ ìyẹn, Màmá.”

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹ ti kọ́ mi, ẹ kọ́ mi débi pé tíṣà kò ní ohun tó máa fi kún un. Bó ṣe wà nínú mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, inú mi ń dùn, ọ̀rọ̀ náà sì jáde ní ìhòhò. “O ti mọ̀ ọ́n,” ni Màmá wí. Kì í ṣe ìbéèrè. Ó fọ àwo, ó dì wọ́n sínú aṣọ, ó fà mí mọ́ra kí wọ́n tó lọ, ó sì ní kí n máa wẹ ẹsẹ̀ mi kí n tó sùn. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, Bàbá nìkan ló wá. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Màmá. Oúnjẹ tó fi ránṣẹ́ kò yàtọ̀, ata rẹ̀ pé, ẹran rẹ̀ pé. Lọ́jọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mo fọ àwo rẹ̀, mo sì dì í sínú aṣọ bí Màmá ṣe máa ń ṣe.

Ní ti eré, mo ti yan èyí kan ṣoṣo tí n kò tíì tọ́ wò rárá. Nígbà tí Ọ̀gá Fèrè béèrè ìdí tí mo fi yan eré ọ̀nà jíjìn, mo sọ òótọ́ fún un: òun nìkan ló ń gba ẹnu géètì jáde. Àwọn eré tó kù, inú ọgbà ni wọ́n ń yí. Ó wò mí, ó fọn fèrè díẹ̀, ó ní ìdí tó dáa nìyẹn. Láti ìgbà náà, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí oòrùn tó mú, à ń sáré jáde lọ sínú ìlú, ogójì ọmọbìnrin nínú ṣòkòtò péńpé àti kánfáàsì, a ń kọjá níwájú àwọn tó ń dín àkàrà, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, a ń gba ẹsẹ̀ òkè padà. N kò mọ eré sá. Ṣùgbọ́n mo rí i pé n kì í dúró. Àwọn tó yára jù mí lọ a máa dúró láti mí. Èmi a máa lọ, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, mo ń kí gbogbo ẹni tí mo bá kọjá. “Ẹ kú iṣẹ́ o!” “Ẹ kú ọjà o!” Ọ̀gá Fèrè ní òun kò tíì rí eléré tó ń kí ènìyàn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ìje gan-an bọ́ sí ọjọ́ ọjà, nínú ọyẹ́, ètè gbogbo wa funfun. Ogójì la bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a fi dé ìdajì, mo ti wà lẹ́yìn dáadáa, ṣùgbọ́n èèyàn mélòó kan ṣì wà lẹ́yìn mi, inú mi sì dùn sí wọn gan-an. A yà sí ọ̀nà ọjà. Àwọn ìyá ń pàtẹ́wọ́, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè ọkọ̀ wọn. Bí mo ṣe gbé ojú sókè ni mo rí obìnrin kan níwájú ìsọ̀ olówùú, tó gbé báàgì ọjà lọ́wọ́, tó ń wò mí bí ẹni tó rí òkú ọ̀run. Màmá ni. Ó wá ra òwú àti bọ́tìnnì. Kò sì mọ nǹkan kan nípa ìje.

“Tóyìn! Ta ló ń lé ọ?”

“Kò sẹ́ni tó ń lé mi, Màmá! Ìje ni!”

“Ìje? Ipò wo lo wà?”

“Ẹ̀yìn ni mo wà!”

Ó wo ẹ̀yìn mi. Ọmọbìnrin gíga kan ń bọ̀, ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. N kò mọ ohun tó gbé Màmá. Ó fi báàgì há abìyá, ó ká ìró sókè dé orúnkún, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà. “Wọn ò ní kọjá rẹ lójú mi! Sáré!” Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò rí i kí ìyá mi sáré rí, kódà nígbà tí òjò bá ká aṣọ mọ́ orí okùn. Ó ń sáré bí ọmọdé, sálúbàtà rẹ̀ ń lù pà, pà, pà, gèlè rẹ̀ tú, ó sì fi ọwọ́ kan mú un. Mo rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, n kò mọ èyí tí mò ń ṣe. Ọjà hó. “Ìyá ọmọ ń bá ọmọ sáré o!” “Màmá, ẹ dúró, ó máa rẹ̀ yín!” ni mo ní. “Pa ẹnu mọ́, kí o máa mí!” ló dá mi lóhùn. Bí a ṣe ń gun òkè ẹnu géètì, èémí rẹ̀ ń hó bí ìkòkò, ó sì na ọwọ́ sí mi. Mo dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ le, ó gbóná, ihò abẹ́rẹ́ kún orí ìka rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wọlé, ọwọ́ nínú ọwọ́, àwọn méjì yẹn lẹ́yìn wa, gbogbo ilé ìwé ń pariwo orúkọ mi, Ṣadé ń fò lórí àga.

Ọ̀gá Fèrè wà níbi okùn ìparí, ó ń pín káàdì kékeré tí wọ́n kọ ipò sí. Ó fún mi ní tèmi: kẹtàdínlógójì. Ó fẹ́ na èyí tó kàn sí ọmọ gíga tó ń bọ̀. Màmá tẹ̀ síwájú, ó ń mí gúlegúle, òógùn ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ó sì na àtẹ́lẹwọ́ sí i.

“Tèmi dà?”

Fèrè bọ́ lẹ́nu ọ̀gá náà. Ó wò ó, ó wò mí, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fún ìyá mi ní kejìdínlógójì.